Ìbòjú Kan Ṣoṣo ní Òpópó Ìdí-Àgbọn

Ìdì irun kan tú sí Mopélọ́lá lọ́wọ́. Kò fà á rárá. Ìlarun ni ó fi la ojú ọ̀nà sí orí náà, irun sì tẹ̀ lé e wá bí koríko tí kò ní gbòǹgbò. Kò ké, kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ká irun náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kó òróró, ó sì ń la ojú ọ̀nà mìíràn lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ obìnrin tí ó ti ń dirí kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wò ó tó dáyé.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ-ojú ti rí nǹkan. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àjà, ẹ̀rọ kékeré tí kò tóbi ju ẹyẹlé lọ, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń dún fìì-fìì, tí gíláàsì kan ṣoṣo sì wà níwájú orí rẹ̀.

"Ìyá Onídìrí," ni ó wí, "àwọn òǹwòran ń béèrè pé kí ni ó bọ́ sí yín lọ́wọ́."

"Òwú ni," ni Mopélọ́lá dá a lóhùn. "Ṣé wọn kò rí òwú rí ni? Sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wo orí, kí wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

Ní ara dígí ńlá tí ó bo ògiri iwájú, ẹ̀rín àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn kọjá ní kíkọ, láti Bàhíà, láti Kùtọnu, láti àárín òkun níbi tí atukọ̀ kan ti ń wò wọ́n. Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá! Ọwọ́ yín kò ní í ro! Ẹ má bínú sí wa! Mopélọ́lá na ọwọ́ òsì sí etí ìró rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ nu òróró nù, ó sì há irun náà síbẹ̀.

Orí tí ó wà láàárín orúnkún rẹ̀ ni orí tí ayé mọ̀ jù lọ ní gbogbo òpópó náà. Ti Rẹ̀mílẹ́kún ni. Láràárọ̀ ni ọmọbìnrin yìí ń jókòó síwájú ẹyẹ-ojú kí wọ́n dirí fún un, láràárọ̀ ni wọ́n sì ń tú ìdì bíi mélòó kan nínú ti àná kí wọ́n tún wọn dì. Bí ojú ọ̀nà bá ti tọ́ tó, tí irun bá sì ti le tó, ni àwọn òǹwòran ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó kò ní láti béèrè. Yóò kàn yọjú wo òpó omi tí ó dúró ní ìkóríta. Bí iná orí òpó náà bá tàn ní àwọ̀ ewé, omi yóò máa tú jáde pẹ̀lú ariwo, iná yóò wà nílé ìwòsàn, àwọn ọmọ yóò sì rí ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí ó bá pọ́n bí ẹyìn, kí olúkúlùkù yáa lọ tọ́jú korobá rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún di ọrùn ẹsẹ̀ Mopélọ́lá mú, ó sì fún un pinpin. Onídìrí mọ̀ nígbà náà pé ọmọ yìí ti mọ̀ tipẹ́.

"A ti parí ti òní," ni Mopélọ́lá wí sókè, ó sì ti wé gèlè mọ́ ọn lórí kí ẹyẹ-ojú tó yí ká.

Kíá ni Rẹ̀mílẹ́kún gbé ojú sókè, ẹ̀rín sì tàn kálẹ̀ lójú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn tan àtùpà. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bò ó mọ́ yín lójú ni o! Ó di ọjọ́ Ìtúrun kí ẹ tó rí i. Ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀, ní iwájú yín, n ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, n ó sì fọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìròyìn sọ fún yín!"

Dígí kún fún àtẹ́wọ́. Níta, òpó omi bú ramúramù.

"Gbé korobá kan," ni Mopélọ́lá wí fún un. "Jẹ́ kí a lọ pọnmi."

Gbogbo obìnrin Ìdí-Àgbọn ni wọ́n mọ àǹfààní òpó yẹn, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ sọ ọ́. Ìgbà tí ayé bá ń wò wọ́n jù lọ ni omi máa ń pariwo jù lọ, ìgbà tí omi bá sì ń pariwo ni etí ẹyẹ-ojú máa ń di. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òpó omi, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ojú ọ̀nà, wọ́n sì fi orí kan orí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Màmá. Iwájú ni ó kọ́kọ́ ń lọ, mo sì ń fi òwú dúdú dí i kí n tó wá bá yín. Nísinsìnyí àárín ti ń dán."

"O kò sì lè sọ fún mi!"

"Níbo ni n bá ti sọ ọ́?" Rẹ̀mílẹ́kún fi ọwọ́ bu omi bọ́jú. "Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa ń sọ pé láyé ijọ́un, àárín orúnkún onídìrí ni àwọn obìnrin ti ń tú gbogbo ohun tí ó wà nínú wọn sílẹ̀. Èmi kò bá ayé yẹn."

Òótọ́ ni, Mopélọ́lá bá a. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, obìnrin yóò dorí kodò sáàárín orúnkún onídìrí, kò ní í rí ojú ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ẹni náà kò ní í rí tirẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì máa bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ orogún, ọ̀rọ̀ oyún tí a kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹyẹ-ojú dé, orí ṣì ń dorí kodò, ṣùgbọ́n ẹnu pa dé. Àwọn òǹwòran tilẹ̀ fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí àwọn rí oorun sùn.

"Màmá, ẹ yá mi ní ìbòjú yín."

Mopélọ́lá wò ó. "Tìrẹ ńkọ́? Gbogbo ilé ni ìlú fún ní ọ̀kan fún ọdún yìí."

"Mo ti lò ó."

"O fi ṣe kí ni?"

"Mo fi sùn." Ojú ti ọmọbìnrin náà. "Mo ta á bo ojú fèrèsé láàárọ̀, ẹyẹ-ojú jáde, mo sì sùn di ìrọ̀lẹ́. Mo la ẹnu sílẹ̀, Màmá. Mo hanrun."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Mopélọ́lá, ó sì fi etí ìró bo ẹnu. Lẹ́yìn náà, ó rántí ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ̀rín náà sì kú.

"O mọ ohun tí mo fi tèmi pamọ́ dè."

"Ta ni kò mọ̀? Oyún Àrínọlá ni."

"Oyún Àrínọlá ni," ni Mopélọ́lá tún un sọ.

Àrínọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń bá a gbé ilé kan náà, ti wáyé kí ìlú tó fi òfin ìbòjú lélẹ̀. Ojú ayé ni wọ́n ti bí i, inú Àká, ilé àkójọ àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, ni àwòrán ìbí náà sì wà di òní. Kò síbi tí Àrínọlá dé tí àjèjì kan kò ní í nàka sí i pé, "Ṣé ìwọ kọ́ ni ọmọ tí wọ́n gbá nídìí kí ó tó ké?" Ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá, ẹbí ọkọ fi àwòrán náà hàn lára ògiri kí àwọn àlejò lè rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ó ti búra pé ọmọ tòun kò ní í rí irú rẹ̀. Òfin sì fún un ní ọ̀nà: ọmọ tí a bá bí lábẹ́ ìbòjú, ojú ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ wò ó títí yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n wo òun.

"Kí ni o fẹ́ fi ìbòjú ṣe gan-an?" ni Mopélọ́lá béèrè. "Aṣọ kì í hu irun."

"Kí ẹ fá a. Kí n sì jókòó tì í díẹ̀." Ohùn Rẹ̀mílẹ́kún rẹlẹ̀ débi pé omi fẹ́ẹ̀ gbé e lọ. "Mo fẹ́ kọ́kọ́ rí orí mi kí ayé tó rí i, Màmá. Kí n mọ bí ó ṣe rí. Kí n mọ ohun tí n ó sọ fún wọn. Bí ó bá jẹ́ pé iwájú wọn ni n ó ti rí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀nà tí wọ́n bá fi wò ó ni èmi náà yóò máa fi wo ara mi títí n ó fi kú."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Àwọn méjèèjì nàró.

"Jẹ́ kí n rò ó," ni Mopélọ́lá wí, ó sì gbé korobá rẹ̀ rù.

Ó rò ó. Nígbà tí ó ń gbálẹ̀, ó ń rò ó. Nígbà tí ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń rò ó. Ó ṣí àpótí, ó sì wo aṣọ náà níbi tí ó wà, aṣọ dúdú tí ó wúwo, tí wọ́n hun okùn fàdákà mọ́ létí, tí òǹtẹ̀ ìlú sì wà ní igun rẹ̀. Bí wọ́n bá ta á lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ká a, okùn fàdákà náà yóò di dúdú, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán nìyẹn. Bí ó bá fi í fún Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ-ọmọ rẹ̀ di ti Àká. Bí kò bá fi í fún un, orí tí ó ń fún òpópó lómi yóò ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ Ìtúrun, àwọn òǹwòran yóò wò ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì wá orí mìíràn lọ. Ohun tí ó sì ń dùn ún jù nínú méjèèjì ni pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi di irun ọmọ yẹn le. Àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́, òun náà sì ń fà á.

Kò tíì mọ ibi tí yóò fì sí nígbà tí Àrínọlá jí ní òwúrọ̀ tí ó ṣáájú ọjọ́ ọjà, tí ó di ilẹ̀kùn yàrá mú, tí ó sì wí pé, "Màámi, ọmọ-ọmọ yín ti gbọ́ pé ẹ ń dirí. Ó ní òun náà ń bọ̀ wá dirí."

"Ṣé o ti ń rọbí ni?"

"Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ẹ pe Ìyá Agbẹ̀bí."

Kò pẹ́ tí ojúde fi kún. Ìbíyẹmí agbẹ̀bí dé pẹ̀lú àpò rẹ̀. Alágbà Ọláòṣebìkan, Olùṣọ́ Ìwòran fún òpópó náà, dé pẹ̀lú agogo ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀wù funfun rẹ̀ sì gan bí pákó. Gbádébọ̀, ọkọ Àrínọlá, ń lọ sókè sódò nínú àgbàlá. Nígbà tí ẹyẹ-ojú rí i pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé e. Nínú ìdààmú ọkàn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí ẹyẹ-ojú fún ìgbà kejì, dígí sì kún fún ẹ̀rín.

Mopélọ́lá ta ìbòjú bo ẹnu ọ̀nà yàrá. Bí etí rẹ̀ ti kan ilẹ̀, okùn fàdákà tàn yinrin, ẹyẹ-ojú kékeré tí ó wà nínú yàrá náà sì jáde wá, ó bà lórí ògiri àgbàlá, ó sì fi ìyẹ́ bo gíláàsì rẹ̀.

Alágbà Ọláòṣebìkan lu agogo lẹ́ẹ̀kan. "Abẹ́ ìbòjú kì í ṣe ibi ìwòran. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ni yóò bá lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé láti wòran lásán, ìbòjú ya, ọmọ náà sì di ti Àká. Nígbà tí ẹ bá jáde, n ó béèrè ohun tí ọwọ́ olúkúlùkù yín ṣe, n ó sì béèrè ẹ̀rí." Ó yíjú sí agbẹ̀bí. "Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Bàbá Olùṣọ́, èmi ni mo gbẹ̀bí àwọn ọmọ tìrẹ. Kí ni o rò pé mo wá ṣe? Mo wá ta epo ni?"

"Òfin ni ó ní kí n béèrè."

"Ìgbẹ̀bí ni iṣẹ́ mi, kí òfin gbọ́." Ìbíyẹmí sì wọlé.

"Ìwọ ńkọ́, Mopélọ́lá?"

"Èmi ni ìyá rẹ̀. N ó gbé e dúró, n ó sì gba ọmọ."

"Ó dára. Ṣé ó tún ku ẹnì kan? Nígbà tí mo bá lu agogo kejì, ẹnikẹ́ni kò ní í wọlé mọ́."

Mopélọ́lá gbé ojú sókè. Ní òdìkejì òpópó, nídìí òpó omi, Rẹ̀mílẹ́kún dúró pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Kò ju ọwọ́, kò sì ṣẹ́jú bẹ̀bẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ta ìbòjú náà fún, ó sì ti gba kámú. Ìyẹn gan-an ni ó gún Mopélọ́lá lọ́kàn. Bí ó bá pè é wọlé, tí ọmọ tí kò tíì ṣiṣẹ́ kankan rí bá káwọ́ gbera, tí ó ń wòran, ọmọ-ọmọ òun ni yóò jẹ gbèsè ìwòran náà títí ayé. Bí kò bá pè é, ọ̀la ni ọjọ́ Ìtúrun.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, Alágbà." Ó ṣí etí ìbòjú, ó sì ki orí bọ inú yàrá.

Àrínọlá di orí ibùsùn mú, òógùn bo ojú rẹ̀. "Màámi, kí ni ẹ ń dúró wò níta?"

"Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ mú wọlé. Bí o bá ní rárá, kò ní í wọlé, n kò sì ní í bínú. Ìbòjú tìrẹ ni, ọmọ tìrẹ ni."

"Ta ni?"

"Rẹ̀mílẹ́kún."

Àrínọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora kò jẹ́. "Arẹwà inú dígí? Kí ni yóò wá ṣe? Yóò wá máa ṣẹ́jú sí mi ni?"

"Nǹkan ń dùn ún. N kò lè sọ ohun tí ó jẹ́, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi."

Àrínọlá mí sínú, ó mí síta. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ títí. "Ṣé ó lè di ènìyàn mú?"

"Kò tíì di ohunkóhun mú rí."

"Kí ó wá kọ́ ọ lára mi nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró gbagidi bí ère, Màámi, n ó fi ẹsẹ̀ tì í síta kí Bàbá Olùṣọ́ tó rí i."

Mopélọ́lá yọ orí síta. "Rẹ̀mílẹ́kún! Kí ni o ń wò níbẹ̀? Gbé ìkòkò omi gbígbóná yẹn lórí ààrò àgbàlá, kí o máa bọ̀!"

Rẹ̀mílẹ́kún sáré débi pé bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sẹ́yìn. Alágbà Ọláòṣebìkan na ọ̀pá dí i lọ́nà. "Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

Gbogbo ohun tí ọmọbìnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe ni kí wọ́n máa wo òun. Ó bojú wo ìkòkò omi tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe, Bàbá."

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́."

"Yóò gbé e lẹ́yìn ró," ni Mopélọ́lá dáhùn. "Òun ni ògiri tí ọmọ mi yóò fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, orí mi ni kí ó wà."

Olùṣọ́ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ká ọ̀pá rẹ̀ kúrò, ó sì lu agogo kejì.

Ohun tí Rẹ̀mílẹ́kún kọ́kọ́ ṣe lábẹ́ ìbòjú ni ohun tí ẹnikẹ́ni ní òpópó yẹn ì bá ṣe. Ó yí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tí ó dára jù sí igun àjà tí ẹyẹ-ojú máa ń wà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wí pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi."

Ìbíyẹmí gbé ojú sókè wo igun àjà náà.

"Ta ni ò ń kí?" ni Ìbíyẹmí béèrè. "Aláǹgbá?"

Àrínọlá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ìrora fi bá ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì yọ́ mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé e jáde mọ́," ni ó wí bí ó ti ń mí hẹlẹ. "Wá síbí, arẹwà. Jókòó sẹ́yìn mi. Fún mi ní ọwọ́ rẹ."

Rẹ̀mílẹ́kún jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì gba gbogbo ìwúwo Àrínọlá sí àyà. Nígbà tí ìrọbí dé, Àrínọlá ki èékánná bọ apá rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún sì ké jù ú lọ.

"Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni ó ń bímọ?" ni Ìbíyẹmí béèrè. "Kí n mọ ìhà tí n ó dojú kọ."

Oòrùn gòkè, ó sì kọjá àtàrí. Ní ọwọ́ kan tí ìrora le ju ti ìṣáájú lọ, Àrínọlá na ọwọ́ sẹ́yìn láti wá ohun tí yóò dì mú, gèlè Rẹ̀mílẹ́kún ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Gèlè bọ́. Ìdì irun bíi mélòó kan bá a lọ. Nígbà tí ìrora náà lọ sílẹ̀, Àrínọlá wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí orí padà díẹ̀díẹ̀, ó sì rí orí ẹni tí ó fẹ̀yìn tì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níwájú, dídán láàárín.

Rẹ̀mílẹ́kún kò lè fi ọwọ́ bò ó, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ apá Àrínọlá. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀.

"Ohun tí ó ń dùn ọ́ nìyí?" ni Àrínọlá béèrè.

"Ohun náà nìyí."

"Ó dára. Má fi mí sílẹ̀."

"N kò fi ọ́ sílẹ̀."

Kò pẹ́ sí i tí ọmọ fi dé. Obìnrin ni. Kò dúró de kí wọ́n gbá a nídìí. Bí ó ti jáde ni ó ké, ó sì ké dáadáa. Mopélọ́lá gbà á sínú aṣọ, ó nu orí rẹ̀, ó tún un nù, ó wá yà á lẹ́nu. Kò sí irun kankan níbẹ̀. Orí náà mọ́ roro bí ẹyin.

"Ẹ gbé e wá kí n rí i," ni Àrínọlá wí. Ó wo ọmọ, ó wo ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tún wo ọmọ. "Rẹ̀mílẹ́kún, wò ó dáadáa. Ṣé ó dá ọ lójú pé ìwọ kọ́ ni o bí i?"

Ẹ̀rín tí ó jáde ní yàrá náà mú kí Gbádébọ̀ tún dọ̀bálẹ̀ níta, láìmọ ẹni tí ó ń kí.

Nígbà tí wọ́n ti wẹ ọmọ, tí ó sì ti ń mu ọmú, Mopélọ́lá tẹ́ ẹní sí igun yàrá. Ó mú abẹ, ó sì fi omi sí abọ́. Rẹ̀mílẹ́kún wá jókòó láàárín orúnkún rẹ̀, ó dorí kodò. Abẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, ó ń lọ síwájú ní jẹ̀jẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò rí ojú ẹni tí ó ń bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ sì ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ó ti máa ń bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù láyé ijọ́un. Mopélọ́lá ń dá a lóhùn pẹ̀lú "hẹ̀n-ẹ́n" àti "mò ń gbọ́," ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́. Ohun tí Rẹ̀mílẹ́kún sọ kò sí nínú ìtàn yìí. Ìbòjú ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà.

Nígbà tí ó tán, Mopélọ́lá gbé abọ́ omi sí i níwájú. Rẹ̀mílẹ́kún wo inú rẹ̀ títí omi fi dúró jẹ́ẹ́. Ó fi ọwọ́ pa orí náà láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Ó tutù," ni ó wí. Ó tún fi ọwọ́ pa á, ó sì fi kún un pé, "Kò burú."

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n ká ìbòjú. Okùn fàdákà etí rẹ̀ di dúdú lójú gbogbo ènìyàn. Alágbà Ọláòṣebìkan ti dúró síbi tí ó wà láti òwúrọ̀, ẹ̀wù rẹ̀ tí ó gan nìkan ni ó ti rọ̀. Ó bi agbẹ̀bí, ó bi Mopélọ́lá, ó sì dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún tí ó ti tún wé gèlè rẹ̀.

"Kí ni ọwọ́ rẹ ṣe?"

Àrínọlá dáhùn láti inú yàrá kí Rẹ̀mílẹ́kún tó la ẹnu. "Bàbá Olùṣọ́, ẹ ní kí ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè!"

Rẹ̀mílẹ́kún ká a. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ojú èékánná Àrínọlá wà níbẹ̀, pípọ́n, ó jinlẹ̀. Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín kékeré kan yọ lábẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀.

"Iṣẹ́ ni èyí," ni ó wí. "Ìbòjú kò ya. Ọmọ náà ti bọ́." Ó lu agogo kẹta.

Ẹyẹ-ojú ká ìyẹ́ rẹ̀ kúrò lójú, ó sì fò wá. Dígí ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń rí láti àgbàlá, ti kún fún ìbéèrè: Kí ni wọ́n bí? Níbo ni Rẹ̀mílẹ́kún wà látàárọ̀? Mopélọ́lá fẹ́ di ọmọbìnrin náà lápá kí ó kọ́kọ́ sinmi. Ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún ti bọ́ síwájú ẹ̀rọ náà. Kò yí ẹ̀gbẹ́ kankan sí i. Ó tú gèlè, ó sì gbé e kọ́ èjìká.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣàn lára dígí dúró. Ní ìkóríta, iná òpó omi ṣẹ́jú, ó rẹ̀, ó sì pọ́n. Omi kán tó, tó, ó sì dá. Àwọn tí wọ́n to korobá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Irun mi ń re, mo sì ti fá a," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ọ̀la kò sí ohun tí n ó tú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, ó dàbọ̀ o, mo dúpẹ́."

Atukọ̀ tí ó wà lójú òkun ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó ní irun?

Rẹ̀mílẹ́kún wo Mopélọ́lá. Mopélọ́lá wo ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tí Àrínọlá ti mi orí sí wọn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò ní ẹyọ kan," ni Rẹ̀mílẹ́kún dáhùn. "Ẹ̀yin kò sì ní í rí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí tirẹ̀ ṣe ń hù, ẹ máa wo tèmi. Mo búra, n kò ní í jẹ́ kí ọwọ́ onídìrí kan tèmi títí ọwọ́ onídìrí yóò fi kan tirẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan kọjá lára dígí, òmíràn tẹ̀ lé e. Obìnrin kan ní Kùtọnu béèrè bóyá orí náà ń yún un. Ẹlòmíràn ní Bàhíà kọ ọ́ pé òun náà ti fá irun òun rí, kí ó fi àdí pa á. Iná òpó kò padà sí àwọ̀ ewé. Àwọ̀ osàn ni ó mú, ó sì dúró síbẹ̀. Omi kò bú ramúramù mọ́. Ó ń ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì tó pọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ àṣírí nídìí rẹ̀ yóò ní láti wá ọ̀nà mìíràn, ni Mopélọ́lá rò, inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́ sí i. Ó bu omi náà, ó sì fi fọ abẹ rẹ̀.

Nínú yàrá, ọmọ tuntun jí, ó sì figbe bọnu. Ẹyẹ-ojú yí orí sí ìhà ibẹ̀, ó fò dé ẹnu ọ̀nà, òfin sì dá a padà bí ẹni tí ó kan ògiri. Ó wá fò yí Mopélọ́lá ká.

"Ìyá Onídìrí, àwọn òǹwòran ń béèrè ohun tí ọmọ náà ń sọ."

Mopélọ́lá gbọ́ igbe náà dáadáa, ó tẹ́tí sí i títí dé òpin.

"Ó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀," ni ó dáhùn. "Ṣùgbọ́n kò tíì ní kí ẹ wo òun."